Igi Gúrọ́fà Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Gé

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ikọ́ mi ti lọ, ọkọ mi sì ti rí iṣẹ́ káfíńtà. Ó ń tọ́jú mi gan-an, ojú ṣì ń tì mí láti máa pè é ní olólùfẹ́.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Bí ẹ ṣe kọ́ mi, ọ̀mùnú igi gúrọ́fà ẹ̀yìn ilé ni mo ń sè fún ìgbẹ́ gbuuru, mo sì ń rún un lẹ́nu bí eyín bá ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a jọ ń gbé ilé, rí mi, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ewúrẹ́ ni ẹ́ ni?" Ló bá mú àdá, ó gé igi náà lulẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbẹ́ gbuuru mú òun náà. "Ìyàwó wa, ọmọ dáadáa, bá mi se ewé yẹn!"

Mo kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gé e. Èyí tó kù, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́."

Ilé ìwòsàn ló sáré gbà lọ. Inú mi dùn, Àǹtí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Kò mọ̀ pé àdá kì í pa gúrọ́fà. Kùkùté rẹ̀ ti ń rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi bí mo ṣe máa tọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kó lè tẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kí òun fúnra rẹ̀ máa gbá ewé láràárọ̀ títí yóò fi bẹ̀ mí.

Ẹ ó pẹ́ fún wa o.

Èmi ọmọ yín,
Ìyàwó Káfíńtà