Aṣọ Ìbora Ìyá Rẹ Kò Tíì Kọjá Bodè

Afínjú mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà lókè, ṣé àlàáfíà náà ni nígbà tí o bá sọ̀ kalẹ̀? Mo kí ọ lẹ́ẹ̀méjì nítorí n kò mọ èwo nínú méjèèjì ni ìwé yìí máa bá ọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí atẹ́gùn mọ orúkọ rẹ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn, ó sì ti ń ráhùn kí o tó wọ iléèwé.

Bàtà tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó bá ẹsẹ̀ mi mu. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ jù ni ìwé ìròyìn ẹ̀yin awakọ̀ òfuurufú tí o rún sínú rẹ̀ kí n lè kà á. Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi bíírò pupa tí mo fi ń máàkì nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó kàn wá nílé.

Wọ́n ní awakọ̀ gbọ́dọ̀ sùn fún wákàtí mẹ́wàá kó tó tún gbéra. Mo mú un lọ bá káfíńtà tó múlé tì wá, mo ní kó má kan ìṣó lọ́sàn-án mọ́, torí n kò mọ ìgbà tí o ń sùn. Ó béèrè bóyá o wà nílé. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n ìwé kò sọ ibi tí ariwo gbọ́dọ̀ ti wá. Ó wò mí títí, ó gbé òòlù sílẹ̀. Èèyàn dáadáa ni.

Mo tún rí àwòrán bàálù kékeré kan lójú fóònù mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi lè máa já sínú bàálù rẹ tààrà. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí gbogbo èèyàn yòókù ti dákẹ́ níbẹ̀, ìwọ nìkan ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń gbé àga sábẹ́ igi, màá máa sọ bí ọjọ́ ṣe lọ sínú fóònù, títí bàálù kan á fi kọjá, tí á fa ìlà funfun gbọọrọ bíi ti ṣọ́ọ̀kì lójú ọ̀run. O kì í dáhùn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ aṣọ ìbora tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ sáyé. O ní kí n fi í ránṣẹ́, pé aṣọ òtẹ́ẹ̀lì kì í ní òórùn ẹnikẹ́ni lára. Mo ti fẹ́ dì í fún onímọ́tò, ni mo bá dé ojú ìwé kẹta, níbi tí òfin aṣọ́bodè wà: ohun gbogbo tí awakọ̀ òfuurufú bá gbé kọjá ni kó kọ sílẹ̀ pẹ̀lú iye owó tó tó, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù tí ọwọ́ ẹlòmíràn dì.

Mo lọ bá Ọ̀gá Bodè, aládùúgbò wa tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè, tó ṣì ń dé fìlà iṣẹ́ jẹun. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó yọ ọ́, ó tún un wọ̀, ó gbọn aṣọ náà bóyá nǹkan á jábọ́. Ó ní ó ti gbó, kò níye lórí. Mo ní kó tún un wò. Ó gbé e sún mọ́ imú. Bóyá ó rántí bí ìyá rẹ ṣe máa ń pè é ní Ọ̀gá láìrẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà. Ó ní ohun tí a kò bá lè kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ni ín ló ń wá gbé e.

Nítorí náà n kò ká a. Ó tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì níhà tí ìyá rẹ máa ń sùn, n kì í fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má baà gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí mi. Lánàá mo sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, mo lálàá pé aṣọ náà ń fò jáde lójú fèrèsé díẹ̀díẹ̀, ìyá rẹ jókòó níwájú, ó ń bi mí bóyá mo ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Wá dì í fúnra rẹ. Ọdún méjì ti pé tí o ti wálé kẹ́yìn. Òfin ló ní kí o wá, kì í ṣe èmi.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún káfíńtà tí kò kan ìṣó mọ́, àti owó káńfọ̀ kí kòkòrò má baà jẹ aṣọ náà. Wàá gòkè láyọ̀, wàá sọ̀ láyọ̀, ìkùukùu kò ní bò ọ́ lójú.

Ṣùgbọ́n tí o bá ń bọ̀ kí oṣù yìí tó parí, má fi owó káńfọ̀ ránṣẹ́. Màá jókòó tì í, màá máa lé kòkòrò.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.