Ariwo Ọrùn Sítíárìn Yín

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú ló ń bí mi, òun ló jẹ́ kí n mú bíírò. Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé púpọ̀, ẹ bá mi fara da ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìgbéyàwó mi ti pé oṣù méjì. Ajégúnlẹ̀ náà la ń gbé, kò jìnnà sílé yín. Ọkọ mi dáa. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè wò ó lójú tó bá ń jẹun, mo sì mọ̀ pé ẹ ó ti máa rẹ́rìn-ín báyìí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ni. Òun ni ọkọ mi fi ń gbé àwọn tó ń gba ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ẹ rántí bó ṣe máa ń han: téèyàn bá ti ṣílẹ̀kùn, tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lójú ihò rẹ̀ lọ́rùn sítíárìn, ariwo dé, kéé-kéé-kéé, bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Téèyàn bá fẹ́ yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, ọwọ́ kan ò tó, àfi kó fi ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà lábẹ́ ibẹ̀. Rọ́bà tó bo gbogbo rẹ̀ sì ń gbọ̀n gììrì-gììrì látìgbà tí ẹ ti rà á, kó tó di pé ó mọ kòtò Malu Road. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yẹn, ṣé wọ́n kórìíra èèyàn ni? Ta ló ní kí wọ́n fi ohun tí á máa jágbe mọ́ àgbàlagbà sínú ọkọ̀ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo bínú sí jù. Mo rántí ọjọ́ tí rewáyà kan ní Ìjọ́ra Badia, tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ṣí rọ́bà náà nítorí iná iwájú. Ọmọ kékeré ni mí, mo jókòó tì yín. Ó fa orí wáyà funfun méjì yọ kúrò lára ara wọn, ariwo dákẹ́ lójijì. Ẹ ní kó dá a padà! Ẹ ní ẹni tó fi í síbẹ̀ ló mọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ò jẹ́ ká ya náílọ́ọ̀nù ara àga ọkọ̀ títí ó fi gbó mọ́ wa nídìí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ gbà kí ọ̀gá yín ní sítọ́ọ̀ máa pè yín ní “bọ́ọ̀yì” nígbà tí orí yín ti funfun. Mo gbé oúnjẹ wá fún yín lọ́jọ́ kan, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó ń dùn mí títí dòní pé n kò sọ nǹkan kan. Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ fi ń fara da ohun tí ìka méjì lè yọ?

Èmi náà sì jọ yín. Àwọn oníbàárà ń ráhùn, ọkọ mi wá ní bí ariwo náà kò bá dákẹ́ kí Sátidé tó kọjá, òun á ta ọkọ̀ náà fún ẹni tó máa tú u sí wẹ́wẹ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Malu Road, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́rin ju ọmọkùnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ẹbí kí n tó wọlé, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún mi. Mò ń kúnlẹ̀ kí i. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, Adúmáadán ni mo sọ ọ́.

Adúmáadán kò tú súkúrù kan ṣoṣo. Ó kàn gbọ́ ariwo, ó mi orí, ó ní gbogbo ọrùn sítíárìn ti bàjẹ́, àfi ká ra tòkunbọ̀ mìíràn. Ọkọ mi ní ó tán, títà ló kù. Ìyàwó tuntun kì í já ẹbí ọkọ nírọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí àgbo kíkorò.

Sátidé dé, ọkọ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Adúmáadán. Ẹni tó fẹ́ rà á ti ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà yín, bí ẹni ń gbá ajá! Mo kúnlẹ̀ níwájú Adúmáadán, lórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì.

“Adúmáadán mi, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ lẹ pa fún ọkọ mi. Ẹ má bínú. Wáyà méjì péré ni. Ẹ ò tilẹ̀ tú u wò.”

“Ìyàwó, fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ fún mẹkáníìkì. Lọ bá wa ra omi tútù wá.”

“Màá ra omi. Ẹ kọ́kọ́ fún mi ní súkúrúdíráfà.”

Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ju táyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ gbà mí o! Madam dey kneel down dey yab person! Bros, your wife na fire!”

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí, ìtìjú fẹ́ pa mí, n kò sì dìde. Ó wá gba súkúrúdíráfà lọ́wọ́ Adúmáadán, ó nà án sí mi. “Ó yá, tú u.”

Súkúrù mẹ́fà ló wà lábẹ́ rọ́bà náà. Mo rí orí wáyà funfun náà, kékeré bí eyín ọmọdé, mo fà á yọ, mo fi téèpù wé e. Mo ya fóòmù pẹ́ẹ́, mo ki í sáàárín rọ́bà méjèèjì kí wọ́n má gbọ̀n mọ́. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lójú ihò. Kò sí ohun tó dún.

Kó má bàa tẹ́ pátápátá, Adúmáadán ní kí òun bá wa yọ bọ́tìnnì náà. Mo ní rárá. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣèèṣì yí padà tán lórí eré, tí sítíárìn tì pa, ṣé òun ló máa sin wá? Ìyẹn nìkan ni ilé-iṣẹ́ yẹn jàre, ẹ̀yin náà jàre níbẹ̀. Ẹyọ kan péré, Bàbá mi.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé Boundary ni ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun rò pé odi ni wọ́n fún òun fẹ́.

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí n wá sílé wọn ní Ìjọ́ra lọ́la, kí n wá bẹ Adúmáadán, pé ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ ní onírọ́ lójú èrò. Ṣé mo ṣẹ̀ lóòótọ́? Ká ní ẹ wà, kí lẹ ò bá sọ? Ẹ ò bá ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀, kí n sì dákẹ́. Ó dáa, màá lọ. Màá kúnlẹ̀ dáadáa, màá bẹ̀bẹ̀ pé mo sọ ọ́ lójú èrò. N kò ní bẹ̀bẹ̀ pé mo sọ ọ́. Èmi ni mo sì máa wa ọkọ̀ náà débẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ọkọ mi ti ní òun á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin,
tí ìfẹ́ yín kì í jẹ́ kí ìbínú rẹ̀ pẹ́.