Ohùn Ó-Yé-Yín àti Ọ́ìlì Mọ́tò Bàbá Mi

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ilé-Omi,
                                        Yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kì í tì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ọmọ Àǹtí mi, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orí tó ń fọ́ ẹ lọ́jọ́sí ti fi ẹ́ sílẹ̀? Àǹtí ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbà wọ́n láyè láti dúró níwájú kíláàsì, àbí orí àga ni wọ́n ṣì ti ń kọ́ àwọn ọmọ? Àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jẹ ṣọ́ọ̀kì? Ẹ kú àfaradà gbogbo yín. Ní tiwa, a wà, a ò kú. Ìyá mi ní kí n kí yín. Bàbá mi ò ní kí n kí ẹnikẹ́ni, torí wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni ẹsẹ̀ mi ti kúrò nílé ìwé. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, gbọ́: òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

O rántí mọ́tò tuntun tí bàbá mi rà lọ́dún tó kọjá, èyí tí ọ̀rá ṣì wà lára àga ẹ̀. Kí wọ́n lè máa fi kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bíríkì lọ láàárọ̀, kí wọ́n sì máa kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣe rà á. Wọ́n bá mi ṣàdéhùn lójú ìyá mi pé bí mọ́tò yẹn bá ti lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko, èmi náà á padà sílé ìwé. Nítorí náà, má rò pé mọ́tò bàbá mi nìkan ni o. Aṣọ ilé ìwé mi wà nínú búùtù mọ́tò yẹn.

Ọkùnrin tó tà á fún wa ni mo sọ ní Ó-Yé-Yín. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀, kò sì lè sọ gbólóhùn kan kó má bèèrè bóyá ó yé èèyàn. "Kọ́kọ́rọ́ rèé sà, ó yé yín? Ilẹ̀kùn rèé sà, ó yé yín?" Àfi bíi pé ilẹ̀kùn le ju ìṣirò lọ. Ká tó délé, ohùn ẹ̀ ti wà lọ́nà ọ̀fun mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo yá fóònù aránṣọ ojúlé kejì wa, mo pe bàbá mi: "Ẹ má bínú sà, a gbàgbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò yín sí ṣọ́ọ̀bù wa sà, ó yé yín?" Bàbá mi sáré jáde, wọ́n wọ ṣòkòtò sódì, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tọwọ́ bọ inú ẹ̀ bí ẹni ń wá ọmọ adìyẹ. A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Bàbá mi fúnra wọn ló rẹ́rìn-ín jù. Láti ọjọ́ yẹn, àlejò kan ò ní wọlé wa kí wọ́n má ní, "Ayékòótọ́, wá bá wa ṣe Ó-Yé-Yín." Fi ìyẹn sọ́kàn. Àwọn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló wá kàn. Lọ́jọ́ tá a gba mọ́tò, Ó-Yé-Yín ti ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ní tọ́bò, ìyẹn nǹkan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú kó lè lágbára. Ó ní tọ́bò máa ń gbóná burúkú, pé ọ́ìlì sìntẹ́tíìkì nìkan ló lè bá a gbé, torí òun kì í tètè jóná, kì í sì í dì. Nígbà tí Ọ̀gá Gíríìsì gbọ́, ìyẹn mẹkáníìkì tó ti ń tún mọ́tò bàbá mi ṣe kí wọ́n tó bí mi, wọ́n yọ ṣùtì sí i.

"Ọ́ìlì àtọwọ́dá! Tó ń ṣàn bí omi ìfọwọ́! Ọ́ìlì gidi, tó bá kán sí ẹ lọ́wọ́, o máa mọ̀ pé nǹkan kán sí ẹ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi, mọ́tò rẹ àkọ́kọ́, kí la rọ sí i? Èkejì ńkọ́? Èwo ló kú sí mi lọ́wọ́ nínú wọn?"

Bàbá mi fi ìka ka àwọn mọ́tò náà. Òótọ́ ni, kò sí èyí tó kú. Wọ́n kàn ń ṣàìsàn lójoojúmọ́ ni.

Bí bàbá mi bá jí láàárọ̀, wọ́n á ní sìntẹ́tíìkì làwọn máa lò. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní ọ́ìlì tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Ìyá mi ní ẹni tó bímọ ló mọ ohun tọ́mọ ń jẹ, kí wọ́n gbọ́ tẹni tó ta mọ́tò. Bàbá mi ní ẹni tó ta mọ́tò náà ló ń ta sìntẹ́tíìkì, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló to agolo ẹ̀ sí. Nígbà tó yá, wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù náà kí wọ́n lè bá Ó-Yé-Yín sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù ní òun á jíṣẹ́. Gbogbo ilé ló gbọ́, èmi náà sì gbọ́. Gbígbọ́ tí mo gbọ́ yẹn ló bà mí jẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, èmi wà nílé, mo ń fọ aṣọ gbogbo ilé. Mọ́tò wà lórí kòtò ní gáréèjì Ọ̀gá Gíríìsì, wọ́n ti fa tàtijọ́ jáde, agolo oríṣi méjèèjì wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú bàbá mi. Ni fóònù bá dún, nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n ṣí i sí gbangba kí gbogbo gáréèjì lè gbọ́. Ẹnu Ọ̀gá Gíríìsì ni mo ti gbọ́ ìyókù.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ní ẹ wá mi. Ẹ má rọ òmíì sí i o, sìntẹ́tíìkì ni sà, ó yé yín?"

Bàbá mi ti bú sẹ́rìn-ín. "Ó yé mi gan-an! Ayékòótọ́, ṣé o ti fọ aṣọ tán?"

"Aṣọ wo sà? Èmi ni o, sà. Ẹni tó ta mọ́tò fún yín."

"O káre, ọmọ mi! Tòní dùn ju tàná lọ. Imú ẹ tiẹ̀ ti tún dí sí i."

"Sà, tọ́bò yẹn..."

"Tọ́bò ní òun kí ẹ! Lọ sá aṣọ!" Wọ́n bá pa fóònù.

Wọ́n ní ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé gáréèjì. Bàbá mi nu omi ojú, wọ́n wá sọ fún Ọ̀gá Gíríìsì pé, "Tí sìntẹ́tíìkì bá ti di ohun tọ́mọdé fi ń ṣẹ̀fẹ̀, rọ tiwa síbẹ̀, jàre." Bí wọ́n ṣe yan ọ́ìlì nìyẹn o.

Nígbà tí wọ́n délé tí wọ́n ń yìn mí, mo gbé aṣọ tí mo ń ká sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mi ò pè yín." Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ náà lo wí lọ́jọ́ ẹ́ńjìnnì." Mo ní kí wọ́n pe nọ́ńbà yẹn padà. Wọ́n ní kí n lọ dá fóònù olóhun padà fún un. Mo dọ̀bálẹ̀, mo búra, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyá mi ní, "Ẹ wò ó, ó tún ń ṣe bí ẹni tó ń sunkún!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọ Àǹtí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mọ́tò kọ́kọ́ ń sáré dáadáa, Ọ̀gá Gíríìsì sì ń yan kiri àdúgbò. Wọ́n tiẹ̀ ní kí bàbá mi má yára pààrọ̀ ọ́ìlì náà, pé mọ́tò tuntun kì í dọ̀tí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lórí òkè tó lọ sílé iṣẹ́ bíríkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Èéfín ń rú nídìí ẹ̀, iná pupa tàn níwájú bàbá mi. Kí wọ́n tó yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó kàn gbá-gbá-gbá nínú, ó dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ilé iṣẹ́ ti gbé iṣẹ́ wa fún ẹlòmíì.

Èmi ni mo tẹ̀lé bàbá mi nígbà tí wọ́n wọ́ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á. Wọ́n tú u. Ọ́ìlì inú ẹ̀ ti dì bíi pólíìṣì bàtà, ọ̀nà tó fi ń dé inú tọ́bò ti dí pa. Ni Ó-Yé-Yín bá jáde láti yàrá ẹ̀yìn.

"Sà, mo pè yín. Mo pè yín, ẹ ní kí n lọ sá aṣọ."

Bó ṣe la ẹnu báyìí, bàbá mi yíjú. Kì í ṣe òun ni wọ́n yíjú sí o. Èmi ni. Wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi. Ọkùnrin náà ń sọ ọ́ lọ pé àtúnṣe ọ̀fẹ́ ò sí mọ́, pé kì í ṣe ọ́ìlì tí àwọn ní ká lò la lò, ó yé yín? Ohùn ń jáde, ẹnu mi ò sì mì. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú bàbá mi wálẹ̀.

Mo rò pé wọ́n á sọ nǹkan fún mi lójú ọ̀nà. Wọ́n kàn ń yára lọ níwájú, èmi ń sáré tẹ̀lé wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ fáwọn ará àdúgbò báyìí ni pé ẹnu mi ló pa mọ́tò. Ọ̀gá Gíríìsì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó rọ ọ́ìlì ò jẹ̀bi, ẹni tó ní kí wọ́n rọ ọ́ ò jẹ̀bi, èmi tí mo ń fọ aṣọ nílé ni mo jẹ̀bi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa ń bá a. Tèmi bá a lóòótọ́, òótọ́ wá dé ilé wa, wọn ò fún un ní àga. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ilé ìwé mọ́. Mọ́tò wà lẹ́yìnkùlé, adìyẹ ti ń yé sábẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo pè ẹ́ kí n lè sọ gbogbo èyí. Mo ní, "Èmi ni o." O ní, "Ìwọ ta ni lónìí?" Mo dúró kí o rẹ́rìn-ín tán. O rẹ́rìn-ín tán, o pa fóònù. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Ohùn gbogbo ayé ni mo lè sín jẹ, àmọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé burúkú yìí, kò sẹ́ni tó ní in àfi èmi. Fi han Àǹtí. Àwọn ló kọ́ mi ní álífábẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dá a mọ̀.

Bá mi kí àbúrò rẹ. Sọ fún un pé kó má retí igbe ewúrẹ́ lẹ́nu mi mọ́, ewúrẹ́ náà ti sinmi. Kí o sì bá mi bẹ Àǹtí kí wọ́n jẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, kí n máa bá wọn lọ sílé ìwé wọn. Mo lè sùn sílẹ̀. Mo lè fọ aṣọ, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe bàbá mi lórí fóònù o. Èmi ni bàbá mi máa rò pé ó ń sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá fúnra wọn, kí wọ́n dúró níwájú bàbá mi, kí wọ́n sọ ọ́. Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá pa ẹnu mi dé.

                                        Èmi náà ni, kì í ṣe ẹlòmíì,
                                        Ayékòótọ́.