Ìpè Mẹ́ta Lójú Oòrùn

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ẹ ń bínú pé n kì í gbé fóònù. Iṣẹ́ ni o! Àwọn àwo onírin ràgàjì tí a fi ń ṣèwádìí oòrùn kì í wò ó. Wọ́n ń tẹ́tí sí i bíi rédíò ni, pàápàá lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Ohùn rẹ̀ nígbà náà kò ju mímí ọmọ tó ń sùn lọ. Fóònù kan ṣoṣo lè bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn la fi ń pa tiwa lẹ́nu géètì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbàgbé. Ẹ pè lẹ́ẹ̀mẹta. Lórí ìwé tí ẹ̀rọ wa ń ya ohùn oòrùn sí, níbi tí ìlà rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè mẹ́ta yọ ṣóńṣó. Ọ̀gá wa pariwo: "Kí ló bú gbàmù lójú oòrùn?"

Mo ní, "Ìyá mi ni, sà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi òun.

Wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé ná. Ìsinmi dùn! Mo ti gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí. Mo jókòó, mo tún dìde. Mo lẹ ìwé ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn mọ́ ògiri, mò ń fọwọ́ tọ òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ bá mi kí Bàámi. N kì í pa fóònù mi mọ́ báyìí, látàárọ̀ dalẹ́.

Èmi ni,
àbígbẹ̀yìn yín.