Kòtò Tí Wọ́n Gbẹ́ De Múfú

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Èmi Ràmọ́tà kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkòsí níbí. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo Ìsẹ́yìn lè kà á, pàápàá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Òjò ò jẹ́ kí Mile 12 ṣeé rìn. Àlùbọ́sà mi ń jẹrà lórí àtẹ, ọsibítù ni mo wà. Ẹ ti gbọ́ pé Múfú àbúrò mi ṣubú níbi tó ti ń já ẹrù ata. Kò fi orí gbá nǹkan kan o. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló bẹ́ iṣan kan nínú ọpọlọ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì dà síbẹ̀.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, wá láti ilé, wọ́n bèèrè bóyá ó máa yè. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò orí, ọjọ́ orí aláìsàn, àti bóyá ó ń dáhùn tí a bá pè é, ni àwọn fi ń wòye. Ó ní ti Múfú burú, àmọ́ ó ṣì yá jù láti sọ pé ó ti tán. Bàbá Kékeré ò gbọ́ ju “ó burú” lọ. Wọ́n ní ká tètè gbé e wálé kó tó kú, torí awakọ̀ tó bá gbé òkú máa ń gba owó ju ti aláìsàn lọ. Ẹni tó ṣì ń mí! Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo ní òkú tèmi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé kọjá. Gbogbo ẹbí tó wà ní Kétu pa mí tì, wọ́n ní alágídí ni mí. Bàbá Kékeré bínú padà sílé, wọ́n lọ gbẹ́ sàréè dè é lẹ́yìnkùlé yín.

Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹlòmíì, àsọtẹ́lẹ̀ gan-an ló ń pa á: wọ́n ti ní ó máa kú, wọn ò wá tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Múfú yè o. Apá ọ̀tún ò tíì gbéra, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, àmọ́ ó pè mí ní Ẹ̀gbọ́n lánàá. N ò dárí ji Bàbá Kékeré, ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ sin ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú kòtò náà, torí sàréè tí a bá gbẹ́ kì í ṣófo. Mo sọ fún Múfú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, ó wá fa ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀: “Kí wọ́n má dí i. Etí ẹ̀ ni èmi àti Bàbá Kékeré máa jókòó sí jẹran Iléyá.”

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ kí gbogbo ilé. Bàbá Kékeré nìkan ni n ò kí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́tà.