Èló ni Ìnira Díẹ̀?

Sódìq àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Àbújá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nínú owó tí o fi ránṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan ló kù.

Gbogbo ará Ìjókòó níbí gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìwọ Pùròfẹ́sọ̀ wa lo gba ìjọba nímọ̀ràn kí epo wọ́n, o ní ìnira díẹ̀ ni. Owó ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Agbára ti di ìlọ́po mẹ́ta. Àmúdà awakọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n Pùròfẹ́sọ̀, ẹ wọlé, ìnira díẹ̀ náà ni!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Bí owó ọkọ̀ kò bá wálẹ̀, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí o tó tún gbà wọ́n nímọ̀ràn, jọ̀ọ́, wá bá mi wọ ọkọ̀ yìí.

Nígbà náà, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ tìẹ. Mo ṣì jẹ Àmúdà lówó ọkọ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àṣàbí