Irun Tó Wà Nínú Ikùn Ànúolúwa

Fọláhànmí Àjíkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó ń jí wa lárààárọ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí kò ní gbàgbé láti jí ìwọ náà ní Èkó tí ariwo pọ̀ sí. Àmín.

Saifudeen awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí fóònù tó o rà fún mi kò gbọ́ràn. Lọ́jọ́ tó o pè, tó o ní o fẹ́ rí mi, mo gbé e sétí dáadáa kí o lè rí mi, o wá ń pariwo pé etí nìkan lò ń rí. Ṣebí etí náà ni wọ́n fi ń gbọ́ fóònù? O ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fara balẹ̀ kà á, ara rẹ̀ ti yá.

O mọ̀ pé láti kékeré ni Ànúolúwa ti máa ń ki ọwọ́ bọ irun màmá yín kó tó sùn. Láti ìgbà tí Rúùtù, màmá yín, ti kú fi wá sílẹ̀ léṣìí, irun tirẹ̀ ló ń dì mú. Mo rí i pé orí rẹ̀ ń pá lápá kan, mo rò pé làpálàpá ni, mo ń fi òróró pa á. Nígbà tó yá, kò lè jẹun mọ́. Bó bá jẹ ṣíbí méjì, á ní òun ti yó, á sì bì í. Ó rù, ṣùgbọ́n òkè ikùn rẹ̀ le bí okúta. Mo ra ògùn aràn fún un lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbààwẹ̀. Ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa, aládùúgbò wa, ló sọ fún mi pé Bàbá Fọláhànmí, ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

A sọ̀kalẹ̀ ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, a gun kẹ̀kẹ́ dé ọsibítù. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà bi mí pé kí ni ìbáṣepọ̀ èmi àti aláìsàn, mo kọ ọ́ pé ó dán mọ́rán, a ò jà rí. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n fi nǹkan tútù pa á níkùn, wọ́n ń wo inú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Àwòrán náà ṣú dùdù, mo bá ní kí ẹnìkan lọ yí irin orí òrùlé wọn, bóyá á mọ́lẹ̀. Dókítà Grace ní rárá bàbá, ohun tó dúdú yẹn gan-an làwọn ń wá.

Ó jókòó ti àbúrò rẹ, ó fọwọ́ kan ibi tó pá, ó rọra bi í bóyá ó máa ń jẹ irun. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ nà án. Ó ní bí òun bá ti fà á tán, òun kì í fẹ́ kí bàbá òun rí i nílẹ̀, òun á gbé e mì. Dókítà ní irun kì í dà nínú ikùn, ó ń wé mọ́ra ni, oúnjẹ kò wá ráyè. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní nǹkan mu tó máa yọ́ ọ. Wọ́n ní ó ti tóbi kọjá ohun tí ògùn lè yọ́, kò sì ṣeé fà gba ẹnu, àfi iṣẹ́ abẹ.

Mo bi wọ́n pé irú òwú wo ni wọ́n máa fi rán an, torí èmi náà ń rán awọ. Wọ́n ní òwú tó máa yọ́ fúnra rẹ̀ ni. N ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ta ló ń fi òwú tó ń yọ́ rán bàtà fún oníbàárà? Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi jáde. Wọ́n fi irun náà hàn mí nínú abọ́: ó ki bí kànìnkànìn tó ti gbó, ó sì ti gba ìrísí ikùn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ọmọ mi gbé gbogbo èyí sínú, èmi ń fi òróró pa á lórí.

Dókítà mìíràn wá lẹ́yìn náà, Olúwatómisìn lorúkọ rẹ̀. Kò mú abẹ́rẹ́, kò mú ògùn, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sọ, mo rò pé kò níṣẹ́ ṣe ni. Ṣùgbọ́n Ànúolúwa tí kì í dárúkọ màmá yín lójú mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, kò fẹ́ dákẹ́ mọ́. Obìnrin náà kìlọ̀ pé n ò gbọ́dọ̀ nà án, n ò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣẹ̀sín, kí n wá nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣe. Mo gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ fún un, ó ń hun ún. Oṣooṣù la ó máa padà lọ rí i.

Wọ́n ní kí a gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kọ̀, ó ní wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé. Mo bá ní kí onígbàjámọ̀ fá tèmi ná, ó wò mí, ó gbà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn díákónì tó gbọ́ pé mo fá orí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ti kún ilé, wọ́n ń kí mi kú ara fẹ́ra kù, wọ́n ń bèèrè ẹni tó kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ẹni tó yè la ní. Wọn ò gbà, wọ́n gbàdúrà ìtùnú kí wọ́n tó lọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́. Má fi sí báǹkì o, ọmọbìnrin oní-POS ní Nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, mo jókòó dè é títí, kò padà. Saifudeen ni kí o kó o fún.

Lánàá, Ànúolúwa fọwọ́ pa orí mi, ó ní tèmi ń hù ní funfun, tòun ń hù ní dúdú, ká wo tẹni tó máa kọ́kọ́ kún. Ó rẹ́rìn-ín, Àjíkẹ́. Ẹ̀rín màmá yín gan-an ni.

Kí Olúwa jẹ́ kí ohun gbogbo tó o bá gbé mì dà nínú rẹ. Èyí tí kò bá sì dà, kó rán ẹni tó máa rọra bi ọ́ léèrè sí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámgbóṣé oníṣẹ́ awọ.